Ẹ jẹ́ ká pè é ní gbèdéke

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Ìbarà ṣí ìwé àlàyé àká kóòdù kan (“library”, àkójọ kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ń mú lò nínú ètò tiwọn) tí ẹlẹgbẹ́ wa kan kọ ní Yorùbá, ó sì fà á wálẹ̀ títí ó fi kan ìpẹ̀kun, ó ń wá ìlà kan. Òǹkọ̀wé náà kọ ọ́ pé “ìlà ìsàlẹ̀ wa ni C++17” (ẹ̀dà èdè kọ̀ǹpútà C++ ti ọdún 2017), ọmọ yìí sì gbà pé ìlà tó wà nísàlẹ̀ ìwé ni wọ́n ń sọ. N kò bá ọmọ wí. Ẹni tó yẹ ní bíbáwí ni ẹni tó tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, “baseline”, sí wẹ́wẹ́, tó fi Yorùbá rọ́pò èérún kọ̀ọ̀kan, tí kò sì bi ara rẹ̀ léèrè iṣẹ́ tí odindi ọ̀rọ̀ náà ń ṣe. (Ní ti “àká”, mo ti bá àwọn tó ń pè é ní “ilé ìkàwé” jà tán, n kò ní tún ìjà yẹn jà lónìí.)

Ohun tí à ń wá orúkọ fún kò le. Àká kóòdù tí yóò ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux, macOS àti fóònù gbọ́dọ̀ yan ẹ̀dà èdè kan tí kóòdù rẹ̀ kò ní kọjá. Láti 2011 ni ìlànà C++ tuntun ti ń jáde ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpáílà (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe) bíi GCC, Clang àti ti Microsoft kì í gba àbùdá tuntun wọlé lọ́jọ́ kan náà, àwọn oníbàárà kì í sì í pààrọ̀ ẹ̀rọ wọn nítorí tiwa.

Gbèdéke ni mo pè é. Àwọn alátakò mi ní òpin ni gbèdéke, pé òun ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń fún ìjọba kí wọ́n tó daṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ni à ń sọ níbí: ó kéré tán, kí kọ̀ǹpáílà rẹ gbọ́ C++17. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wo ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ni fún ẹni tó ń lo àká. Fún àwa tí à ń kọ ọ́, òpin ni, nítorí bí mo bá ti lè sọ pé C++17, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tó bá C++20 dé, bó ti wù kó dùn mọ́ mi tó. Pèrègún ààlà ni: ibi tí oko tèmi parí sí ni tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀. “Ìlà ìsàlẹ̀” kò lè sọ apá tèmi yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn àwa òǹkọ̀wé kóòdù máa ń wà. Ìjà mi pẹ̀lú àwọn tó ń kọ “béèsìláìnì” kò tó bẹ́ẹ̀, èmi náà ṣáà ń kọ “kọ̀ǹpáílà”. Ṣùgbọ́n kí ni à ń yá ọ̀rọ̀ fún, nígbà tí rédíò ń pe gbèdéke sí wa létí láràárọ̀?

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn aládìrẹ ní Ìtòkú yóò mọ páànù tí a gé ọnà sí, tí wọ́n ń gbé lé aṣọ kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ láfún ra ojú rẹ̀. Ká ní aláró márùn-ún ń lo ọnà agépáànù kan. Ọ̀kan ń sẹ́ ẹ̀kọ tirẹ̀ títí yóò fi kúnná. Ti ẹlòmíràn ní kókó. Bí agépáànù bá la ojú páànù tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ti ẹni àkọ́kọ́ yóò jáde pérépéré, ṣùgbọ́n kókó yóò dí ojú páànù ẹni kejì, ẹ̀kọ kò ní kan aṣọ, aró yóò sì gba ibẹ̀ wọlé. Kì í ṣe ọwọ́ agépáànù ló ń pinnu bí ojú ọnà yóò ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Ẹ̀kọ tó nípọn jù lọ lára ti àwọn oníbàárà tí kò fẹ́ pàdánù ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àká rí: agépáànù ni àwa tí à ń kọ ọ́, kọ̀ǹpáílà oníbàárà sì ni ẹ̀kọ. Kókó tí ojú kì í rí ló burú jù. GCC 4.8, tó bá CentOS 7 (irú Linux kan) wá, ní fáìlì `<regex>` ti C++11, tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ tó bá àpẹẹrẹ kan mu, kóòdù tó ń lò ó sì ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí àròyé. Ìgbà tí ètò bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni yóò kú lójijì, tàbí kó ní òun kò rí ohun tó wà níwájú òun, nítorí pé inú GCC 4.9 ni wọ́n tó parí iṣẹ́ náà. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá àṣìṣe tèmi nínú ètò oníbàárà kan kí n tó wo nọ́ńbà kọ̀ǹpáílà. Bẹ́ẹ̀ náà ni `std::filesystem` ti C++17, tí a fi ń bá fáìlì àti fódà ṣiṣẹ́: kò sí fún macOS tí kò tíì dé 10.15, bí kọ̀ǹpáílà ti wù kó jẹ́ tuntun tó. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ gbèdéke mi lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́: C++17, GCC 9, macOS 10.15.

Ohun kan tún wà tí “ìlà ìsàlẹ̀” kò lè ṣe: a máa ń sún gbèdéke síwájú, gbogbo ayé ló sì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Qt, àká kan tí a fi ń kọ ètò olójú wíńdò, sún tirẹ̀ dé C++11 ní ẹ̀dà 5.7 ní 2016, ó sún un dé C++17 ní Qt 6 ní 2020. Èmi náà ti sún tèmi kúrò ní C++14. Oníbàárà tó ṣì wà lórí CentOS 7 yóò máa lo ẹ̀dà àtijọ́ títí yóò fi ra sẹ́fà tuntun.