Ọmọ Tó Ń Dákú: Ẹ Mú Ẹni Tó Rí I Wá

Kí ọmọ ọdún 14 tó dákú nílé ìwé tó dé ọ̀dọ̀ àwa dókítà, àwọn òbí rẹ̀ á ti gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Kẹ́mísìtì á ti ní ibà ni. Ilé àdúrà á ti ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń pè é. Wọ́n á ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún táífọ́ọ̀dù, ìwé àyẹ̀wò á sì kún ọwọ́ màmá. Àmọ́ bí mo bá bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ń ṣe lọ́wọ́ kó tó ṣubú?" bàbá á wo màmá, màmá á wo bàbá. Kò sí èyí tó wà níbẹ̀ nínú wọn.

Ìbéèrè yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ wa dúró lé. Ohun tó ń mú ọ̀dọ́langba dákú kì í sábà hàn nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà, nítorí ara ọmọ á ti padà bọ̀ sípò kó tó dé ọsibítù. Ẹni tó rí i nígbà tó ń ṣubú ni kí ẹ mú wá: tíṣà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, àbúrò rẹ̀. Bí ọmọ kan bá sì fi fóònù ká fídíò rẹ̀, ẹ má nà án, ẹ gba fídíò náà lọ́wọ́ rẹ̀ wá fún wa.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni dídákú lórí ìdúró. Àsẹ́ḿbílì ń lọ, oòrùn ti mú, ọmọ kò jẹun àárọ̀, pírínsípà kò sì tíì ṣe tán. Bí èèyàn bá dúró pẹ́ lójú kan, ẹ̀jẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ó yẹ kí ọkàn yára lù, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sì sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ lè gòkè dé ọpọlọ. Lára àwọn ọmọ mìíràn, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: ọkàn á dẹwọ́, iṣan á tú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọmọ á ṣubú. Ìṣubú yẹn náà ló ń wò ó sàn, torí bó bá ti nà gbalaja, ẹ̀jẹ̀ á tún rọ́nà dé orí, ojú rẹ̀ á sì là láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ibi tí àwa èèyàn ti ń bà á jẹ́ nìyẹn: a ó sáré gbé e dìde, a ó mú un jókòó sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè.

Irú èyí máa ń kìlọ̀ kó tó dé. Òòyì á kọ́ ọmọ, òógùn tútù á bò ó, inú á máa rìn ín, etí á máa hó, ojú á ṣú. Abẹ́rẹ́, rírí ẹ̀jẹ̀, inú rírun nǹkan oṣù àti yàrá tó gbóná náà ń fà á. Omi tó pọ̀ àti oúnjẹ àárọ̀ ló ń gba púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀, pẹ̀lú kí wọ́n má tijú láti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí òòyì bá ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọmọ tó dákú lórí eré: tó ń sáré, tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó ń lúwẹ̀ẹ́, tó kàn lulẹ̀ láìsí òòyì kankan. Àwọn àgbà á rántí Samuel Okwaraji, tó ṣubú lórí pápá ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Ọdún 25 péré ni. Wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lára àwọn tó kéré sí i, àìsàn ọkàn àjogúnbá la kọ́kọ́ ń wá. Ẹran ọkàn lè nípọn jù. Tàbí kó jẹ́ pé iná tó ń darí lílù ọkàn ni kì í tètè padà sípò lẹ́yìn tó bá lù tán. Ariwo òjijì bíi ti bángà lè mú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣubú. Àwọn oògùn kan lè da iná náà rú, bíi halofantrine tí àwọn èèyàn ń lò fún ibà láyé àtijọ́, tí wọ́n mọ̀ sí Halfan.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bèèrè pé ta ló kú lójijì nínú ẹbí kó tó pé 40 ọdún. Wọ́n á ní kò sí. Bó bá pẹ́ díẹ̀, màmá á rántí àbúrò bàbá tí "ayé pa" lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tàbí ẹ̀gbọ́n tó kú sódò bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ má fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Àyẹ̀wò tí à ń pè ní ECG, tó ń wo bí iná ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, kì í dunni, kì í gba abẹ́rẹ́, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ọmọ tó dákú ṣe é, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló dákú.

Ti wárápá ńkọ́? Bí ọmọ bá gan, tó ń gbọ̀n ju ìṣẹ́jú kan lọ, tó fi eyín gé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, tí kò sì mọ ibi tó wà fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, à á fura sí i. Àmọ́ ẹni tó dákú lásán náà lè gbọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó lè tọ̀ sára pàápàá, bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ tí kò ní wárápá di oníwárápá ládùúgbò nìyẹn. Tramadol táwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì náà ń fa gìrì. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo sí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ má sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná.

"Ṣúgà rẹ̀ ló lọlẹ̀" ni gbogbo èèyàn máa ń sọ. Bí ọmọ kò bá lo oògùn àtọ̀gbẹ, pípàdánù oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà mú ṣúgà rẹ̀ lọlẹ̀ débi dídákú.

Fún àwọn ọmọbìnrin, mo máa ń bèèrè bí nǹkan oṣù ṣe ń wá sí, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti gbẹ lára wọn. Mo sì máa ń ní kí màmá bọ́ síta díẹ̀. Inú wọn kì í dùn sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ oyún kò ṣeé bèèrè lójú ìyá. Bí inú rírun líle bá bá dídákú rìn, oyún lè ti dúró síta ilé ọmọ: ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé èèyàn méjì dákú nínú ilé kan náà lóru, ẹ gbé gbogbo wọn síta kí ẹ tó ronú ohunkóhun. Ó lè jẹ́ èéfín jẹnẹrétọ̀.

Àwọn kan sì wà tó ń dákú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, tí ojú wọn á dì pinpin fún ogún ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ọkàn àti ìfúnpá wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọn kì í díbọ́n. Ìdààmú ló ń bá wọn jà: ìdánwò, ọmọ tó ń fìyà jẹ wọ́n ní bọ́dìǹgì, nígbà mìíràn àgbàlagbà tó ń fọwọ́ pa wọ́n lára. Ìgbátí kò wò ó.

Ní ti ọmọ tó dákú lórí eré, kó má padà sórí pápá títí a ó fi rí ECG rẹ̀. Bí kóòṣì bá bínú, ẹ ní dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.