Ráútà kọ́ ló ń gbé fóònù yín gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

"Ẹ ra access point mẹ́ta, ẹ fún gbogbo wọn ní orúkọ kan náà, Wi-Fi á máa gbé fóònù yín láti yàrá dé yàrá fúnra rẹ̀." Ẹni tó ń tà á ń sọ ọ́, ẹni tó wá fa wáyà ń sọ ọ́, ẹni tó rà á náà á tún un sọ fún aládùúgbò rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, á jókòó sí yàrá òkè, AP kan (access point, ẹ̀rọ tó ń tan Wi-Fi ká yàrá) á wà lára àjà lókè orí rẹ̀ gan-an, fóònù rẹ̀ á sì ṣì lẹ̀ mọ́ AP pálọ̀ ìsàlẹ̀ bí èèmọ́. Kí ni wọ́n á wá sọ? Wọ́n á ní AP yẹn kì í ṣe ojúlówó. Wọ́n á ní kó lọ ra èyí tó gbówó lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pé ilé ńlá ń fẹ́ ju ráútà kan lọ, a ò jiyàn ìyẹn. Búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án tí wọ́n rẹ́ níwá rẹ́ lẹ́yìn, dẹ́kìn tí irin kún inú rẹ̀, tánkì omi, dígí ńlá ara ògiri: ta ni kò mọ̀ pé Wi-Fi kan ṣoṣo ò lè gba gbogbo ìyẹn kọjá? "Máa gbé" yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ta ló ń gbé ta?

Fóònù ló ń gbé ara rẹ̀. Nínú 802.11, ìlànà tí gbogbo Wi-Fi ayé ń tẹ̀ lé, fóònù ló ń yan AP tó máa bá sọ̀rọ̀, òun náà ló ń pinnu ìgbà tó máa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. AP lè lé fóònù jáde. Ó lè gbà á nímọ̀ràn. Kò lè fà á lé AP mìíràn lọ́wọ́ bí fóònù ò bá gbà.

Ó jọ pé òpó MTN, Glo àti Airtel ló kó àṣìṣe yìí bá wa. Tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó, tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, òpó kan ń fà yín lé òmíràn lọ́wọ́. Níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló láṣẹ lóòótọ́: fóònù á máa jábọ̀ bó ṣe ń gbọ́ òpó kọ̀ọ̀kan sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wá pàṣẹ fún un pé kó bọ́ sí tọ̀ún. Àwọn èèyàn gbé ìmọ̀ yìí wọnú ilé, wọ́n rò pé ọmọ ìyá ni òpó àti AP. Lórí ọ̀rọ̀ ta ló ń pàṣẹ, wọn ò tilẹ̀ bára tan.

Ibi tó ń rú èèyàn lójú jù la dé yìí. Wọ́n rò pé fóònù ń fi AP kan wé òmíràn nígbà gbogbo, tó sì ń bọ́ sórí èyí tó bá le jù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Títí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á fi burú dé ìwọ̀n kan, kì í wá òmíràn rárá. Apple ti kọ ìwọ̀n tiwọn síta: iPhone àti iPad kì í bẹ̀rẹ̀ sí í wá AP mìíràn àfi tí èyí tí wọ́n wà lórí rẹ̀ bá já wálẹ̀ dé −70 dBm, ti kọ̀ǹpútà Mac jẹ́ −75. Tí iPhone bá tún wá rí òmíràn, tuntun yẹn gbọ́dọ̀ fi dB 8 dára ju ti àtijọ́ bí dátà bá ń wọlé tàbí jáde lọ́wọ́, dB 12 bí fóònù bá kàn jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí dBm yìí dẹ́rù bà yín. Òun ni wọ́n fi ń wọn agbára Wi-Fi; èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ fóònù máa ń wà lábẹ́ òdo, dB sì ni ìyàtọ̀ láàárín òǹkà méjì. Ẹni tó dúró sábẹ́ AP lè rí −40. −67 ṣì tó fún ìpè fídíò. −80 ti ń ṣàìsàn. Bó bá fi 3 wálẹ̀, agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ yín ti dín sí ìdajì. Bó bá fi 10 wálẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù.

Ẹ wá wò ó. Èèyàn jókòó sí yàrá òkè. AP pálọ̀ ń gba ojú àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, −66. AP òkè jẹ́ −45. Tòkè fi dB 21 dára ju tìsàlẹ̀ lọ, ìyẹn ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n −66 ò tíì burú tó −70, nítorí náà iPhone ò wá nǹkan kan. Bóyá ni ó tilẹ̀ mọ̀ pé AP kan wà lókè orí òun. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ di ọ̀gànjọ́ òru. AP òkè ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó pè é.

Kí ló dé tí fóònù fi ya ọ̀lẹ tó báyìí? Láti wá AP mìíràn, ó ní láti kúrò lórí channel (ojú ọ̀nà rédíò) tó wà, kó lọ fetí sí àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ń jẹ bátìrì, ohun tí ẹ sì ń ṣe lọ́wọ́ ń dúró dè é. Wi-Fi ní ìpele rédíò méjì tó wọ́pọ̀, 2.4 GHz àti 5 GHz. Àwọn channel 5 GHz kan tún wà tó jẹ́ pé àwọn rédà náà ń lò wọ́n. Lórí ìyẹn, fóònù kì í kọ́kọ́ lanu. Á dákẹ́, á máa retí kí AP kéde ara rẹ̀, AP kì í sì í sábà kéde ju bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní fóònù ń ṣe ìyẹn ṣáá ni, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ pariwo.

Ìdí nìyí tí àtúnṣe tó ń ṣiṣẹ́ jù fi jẹ́ èyí tí àwọn oníbàárà kì í fẹ́ gbọ́: ẹ dín agbára AP kù. Tí AP pálọ̀ bá wà ní 23 dBm, ẹ fà á wálẹ̀ sí 17. −66 inú yàrá òkè á di −72. iPhone á wá jí. Bí ẹ bá tilẹ̀ dín tòkè náà kù bákan náà, −51 ni yóò bá níbẹ̀, á sì kọjá sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni òdìkejì rẹ̀: Wi-Fi ò dáa lókè, wọ́n á gbé ti pálọ̀ sí "High". Wọ́n ti fi okùn so fóònù mọ́lẹ̀ nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, agbára fóònù kì í sábà tó ti AP. AP ń fi gbohùngbohùn sọ̀rọ̀, fóònù ń fi ẹnu lásán dáhùn. Ìlà Wi-Fi á kún lójú fóònù yín, ohùn tiẹ̀ ò sì ní dé ọ̀dọ̀ AP.

Ẹ jẹ́ kí 2.4 GHz fi bíi dB 6 kéré sí 5 GHz, torí ó ń rìn jìnnà jù ú lọ. Ẹ pín in sórí channel 1, 6 àti 11, kí fífẹ̀ rẹ̀ má ju 20 MHz. Ní 5 GHz, ẹ lè lo 36, 44, 149 àti 157 ní 40 MHz. Kí AP méjì tó ń gbọ́ ara wọn má jọ wà lórí channel kan.

Ẹni tó ń tà á á wá fa páálí rẹ̀ yọ: "Tiwa ní k, v àti r." Ó dáa. 802.11k ń fún fóònù ní orúkọ àwọn AP tó wà nítòsí, kó má baà wá gbogbo ìlú kiri. 802.11v ń jẹ́ kí AP bẹ fóònù pé kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Fóònù sì lè kọ̀. 802.11r ń mú kí wíwọlé yá tí fóònù bá ti pinnu pé òun ń lọ. Ibi tí r ti wúlò gidi ni ọ́fíìsì tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní password tiẹ̀ lórí sáfà. Nílé tó jẹ́ password kan ni gbogbo ayé ń lò, ohun tó ń fi pamọ́ ò tó ìpajúpẹ́, àwọn tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ mìíràn sì wà tí kò ní lè wọlé mọ́ tí ẹ bá ti tan án. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ń pàṣẹ. Mesh ńkọ́? Mesh ń sọ bí àwọn AP ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Ti fóònù ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń fi hàn ni YouTube. Wọ́n á ṣí fídíò, wọ́n á rìn láti pálọ̀ dé òkè, kò ní dúró. Àbí ẹ ò rí i? YouTube ti kó fídíò tó tó ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan pa mọ́ sínú fóònù. Wi-Fi ì bá já lẹ́ẹ̀mejì lójú àtẹ̀gùn, ẹ ò ní mọ̀. Ìpè WhatsApp ni kí wọ́n fi dán an wò. Tàbí kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà Windows lọ́wọ́, kí ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ ping 192.168.1.1 -t (ẹ fi àdírẹ́sì ráútà tiyín rọ́pò rẹ̀), kí ẹ máa rìn, kí ẹ ka iye tó sọnù. Tí ẹ bá tẹ netsh wlan show interfaces, á sọ BSSID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) AP tí ẹ wà lórí rẹ̀. Lórí Mac, ẹ di Option mú kí ẹ tẹ àmì Wi-Fi. Android náà ní tiẹ̀: ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje kí Developer options lè yọ, kí ẹ tan Wi-Fi verbose logging níbẹ̀, òǹkà dBm á máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Wi-Fi.

Tí ìpè bá ń já pátá, tí kì í ṣe pé ó kàn ń fà, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ AP rárá. Ẹ wo àdírẹ́sì fóònù ní pálọ̀, kí ẹ tún wò ó lókè. Tó bá jẹ́ 192.168.1.x níbí, 192.168.0.x lọ́hùn-ún, ráútà méjì ló wà nínú ilé, àwọn méjèèjì ló ń pín àdírẹ́sì. Orúkọ kan náà ò ní gbà yín. Ẹ yí ìkejì sí AP mode. Tí kò bá ní i, ẹ fún un ní àdírẹ́sì tí kò bá ti ẹnikẹ́ni pàdé, bíi 192.168.1.2, kí ẹ pa DHCP rẹ̀ (ohun tó ń pín àdírẹ́sì), kí ẹ sì fi wáyà so ihò LAN mọ́ ihò LAN. Kì í ṣe ihò WAN o. Orúkọ, password àti irú ààbò, WPA2 tàbí WPA3, gbọ́dọ̀ bára mu.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé kò sí ètò kankan tí AP ti láṣẹ? Ó wà. Meru Networks, tí Fortinet rà ní 2015, ṣe irú rẹ̀ kan fún ọ́fíìsì: gbogbo AP á wà lórí channel kan, wọ́n á díbọ́n bí ẹyọ kan ṣoṣo lójú fóònù. Èyí tí wọ́n ń tà fún yín lọ́jà kì í sábà jẹ́ ìyẹn. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo káàdì Intel náà máa ń ní Roaming Aggressiveness, láti 1 dé 5, tí ẹ lè gbé sókè. Àwọn fóònù Android ò sì rí bákan náà, nítorí náà −72 tó jí iPhone lè má jí ti ẹlòmíràn. Dídín agbára kù máa ń ṣèrànwọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé. Àmọ́ tí AP bá jìnnà síra, ihò tí kò ní Wi-Fi lẹ máa fi dá sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìlà kan nínú sẹ́tínsì tí wọ́n ń pè ní Minimum RSSI, ìwọ̀n dBm tí AP á fi lé fóònù tó bá lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Òun ni ìléjáde tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá fi sí −75, tí ẹni tó wà ní géètì ò sì rí AP mìíràn ju ti pálọ̀ lọ, AP á lé e, á padà, AP á tún lé e, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù rìn yí ilé ká, kí ẹ kọ òǹkà yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.