Màmá, Kí Lẹ Jẹ Láàárọ̀?

Ìyá kan wọlé wá bá mi ní yàrá tí mo ti ń wo aláìsàn ní Àkúrẹ́, wọ́n ń la ẹsẹ̀ rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta àwọn bí ẹni pé wọ́n fi ata rá a, tí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, àwọn kì í mọ ibi tí àwọn ń gbẹ́sẹ̀ lé. Mo ní kí wọ́n dìde dúró, kí wọ́n pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí wọ́n wá dijú. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ wọn tó gbá wọn mú, wọn ì bá ti ṣubú. Ọmọ náà rọra sọ fún mi pé àwọn gbà pé màmá tẹ nǹkan lóko ni.

Mo bi wọ́n pé, "Màmá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

Ẹ̀bà. Lánàá ńkọ́? Púpurú. Ẹja ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹja ti wọ́n jù.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, dókítà àìsàn ọpọlọ àti iṣan ara, ni mo ti kọ́ ìbéèrè yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fojú rí wọn rí. Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n bí wọn sí ní 1935, Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí ni ìlú náà sì ṣì wà nígbà tí wọ́n kú ní 1995. Ní Ìbàdàn, wọ́n gbájú mọ́ àìsàn kan tó ń bá àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú jà: ẹsẹ̀ á kú tipiri, ìrìn á dàrú, ojú á ṣú, etí á di. Àwọn tó ń ṣe jẹ́ tálákà tó ń fi gbágùúdá, tí a fi ń ṣe ẹ̀bà àti púpurú, ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ jáde nínú ìwé ìmọ̀ tó ń jẹ́ Brain ní 1968.

Èròjà kan wà nínú gbágùúdá tó ń di májèlé sáyánáìdì tí a bá rin ín. Tí a bá fi í sílẹ̀ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a yan án dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé náà á bá omi àti ooru lọ. Ìwọ̀nba tó bá kù, ara ní ọ̀nà tó fi ń pa agbára rẹ̀, tí a ó sì tọ̀ ọ́ dànù. Imí-ọjọ́ ni ara ń lò fún iṣẹ́ yẹn, inú ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹran ló sì ti ń rí i. Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn Ọ̀ṣúntókun fi hàn pé sáyánáìdì pọ̀ lára wọn, èròjà tó ní imí-ọjọ́ sì ṣọ̀wọ́n.

Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn ti bá wọn jiyàn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2002 rí ìlú tí sáyánáìdì pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, síbẹ̀ tí àìsàn náà kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Lójú tèmi, iyì Ọ̀ṣúntókun ni ìyẹn jẹ́: wọ́n fi ohun tó ṣeé yẹ̀ wò sílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kì í jókòó de aláìsàn. Ní Ìgbó-Ọrà, ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ. Nínú 18,954 ènìyàn, ó lé ní márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan tó ní wárápá. Àwọn àti Hugh Hendrie, dókítà àìsàn ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, tún bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí arán ọjọ́ ogbó, wọ́n fi àwọn àgbà Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì rẹ̀ jáde ní 2001, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú wọn: irú arán tí wọ́n ń pè ní Alzheimer ń mú ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà Ìbàdàn lọ́dún, ó sì tó 2.52 ní Indianapolis. Ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ tiwa, àmọ́ ó wà. Ó ń dùn mí dọ́kàn tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ń pe ìyá arúgbó tó gbàgbé ọ̀nà ilé ní àjẹ́.

Mo ti gba ẹ̀jẹ̀ màmá náà, nítorí àtọ̀gbẹ àti àìtó fítámì B12 náà ń ba ẹsẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń ta kó má dúró dìgbà tí yóò máa ṣubú. Mo sọ fún ọmọ wọn pé kó máa ra gàrí tó kan dáadáa, kó sì máa fi ẹ̀wà tàbí ẹja kún un, ìbáà ṣe panla kékeré. Ó ní ẹ̀wà ti wọ́n. A jọ jókòó ṣírò iye tó ń ná lórí gàrí lọ́sẹ̀, a yọ owó kóńgò ẹ̀wà kan níbẹ̀.