Bí Fíìmù Kúkúrú Ṣe Bẹ̀rẹ̀, Títí Ó Fi Dé Ìkòròdú

Fíìmù kúkúrú ni ẹ̀gbọ́n, fíìmù gígùn ni àbúrò. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, ọmọ ìyá méjì kan nílẹ̀ Faransé, Auguste àti Louis Lumière, fi fíìmù mẹ́wàá han àwọn tó sanwó wọlé sínú yàrá abẹ́lẹ̀ ilé oníkọfí kan ní Paris. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó pé ìṣẹ́jú kan. Téèpù bíi mítà 17 péré ni kámẹ́rà wọn ń gbà, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yí i, àwòrán bíi 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí téèpù bá ti tán, eré parí nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn. Ọkùnrin kan ń fi rọ́bà bomi rin ọgbà. Ọmọdékùnrin kan yọ́ wá, ó tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀, omi dá. Ọkùnrin náà yẹ ẹnu rọ́bà wò, ọmọ gbẹ́sẹ̀ kúrò, omi tú sí i lójú. Ó lé ọmọ náà mú, ó sì nà án. Kò tó ìṣẹ́jú kan, síbẹ̀ a rí ẹni tó ń wá nǹkan, a rí ìdíwọ́, a sì rí ohun tó yí padà. Títí di òní, kò sí ohun tí fíìmù kúkúrú nílò jù báyẹn lọ.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903, sinimá dé Èkó, ní Glover Memorial Hall. Lẹ́yìn náà ni téèpù ń gùn sí i. Róòlù ńlá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 nígbà tí fíìmù ti ń sọ̀rọ̀, tí àwòrán sì ti di 24 ní ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n ń so róòlù mọ́ róòlù, fíìmù gígùn gba gbọ̀ngàn sinimá, èyí tó kúrú wá di ohun tí wọ́n fi ń ṣíde.

Ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ló gba èyí tó kúrú sílẹ̀. Wọ́n dá ti Moscow sílẹ̀ ní 1919, ti Łódź ní Poland ní 1948. Téèpù wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lówó. Róòlù kékeré ẹsẹ̀ bàtà 100, irú èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16, kò lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àti àáyá 45 lọ. Kámẹ́rà Bolex tí wọ́n ń fọwọ́ yí sípíríǹgì rẹ̀ bíi ti agogo, tí wọ́n bá yí i tán, bí ìṣẹ́jú àáyá 28 ló máa ṣiṣẹ́ kó tó dúró. Ẹni tí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fẹ́ gbà kó tó tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni àṣà èrò kékeré ti fìdí múlẹ̀. Àjọ̀dún fíìmù kúkúrú ti Oberhausen ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ó sì fún irú iṣẹ́ yìí ní ojúde tirẹ̀.

Ní Ìkòròdú, fóònù ló ṣílẹ̀kùn. Láti 2017 ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Ikorodu Bois ti ń fi ohun èlò inú ilé ṣe àfarawé ìpolówó fíìmù ńláńlá, tí Netflix fi fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020. Téèpù kì í tán mọ́ báyìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro wà. Akẹ́kọ̀ọ́ á ki ìgbéyàwó, ogún, àjẹ́ àti ilé ẹjọ́ bọ inú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ní sí ọ̀kan tó máa jinná.

Ẹ jẹ́ ká mú èrò kan láti Ẹ̀bùtè. Ọkùnrin kan fi náírà 1,000 ra búrẹ́dì, oníbúrẹ́dì wá ṣénjì lọ, ọkọ̀ ojú omi sì fẹ́ ṣí. Ó tó. Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ẹ wá kọ ìwé eré ojú ewé márùn-ún, torí ojú ewé kan tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi bó ṣe jí láàárọ̀ hàn wá. Kó má fẹnu sọ pé owó tó kù lọ́wọ́ òun nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká rí i tó ń tú àpò. Yálà ó fò sọ́kọ̀ láìgba ṣénjì, tàbí ó dúró tí ọkọ̀ fi lọ, méjèèjì jẹ́ ìtàn. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni àlejò tó máa yọjú lójijì láti san owó náà fún un.

Ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, bí jẹnẹrétọ̀ ṣe máa bò ó ní Sábó. Ẹ gbé máíkì sún mọ́ ẹnu, kó má ju ìnà apá kan lọ. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ gba ariwo ibẹ̀ nìkan fún àáyá 30, láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀; òun la fi ń dí àlàfo nígbà tí a bá ń to àwòrán pọ̀. Iná mànàmáná wa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà ẹ fi fóònù sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá àti ṣọ́tà 1/50, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bó bá wà ní 30 àti 1/60, gílóòbù á máa ṣẹ́jú nínú fíìmù. Ẹ sá fún oòrùn ọ̀sán gangan, ojú òṣèré á ṣókùnkùn.

Tẹ́ ẹ bá tò ó tán, ẹ fi han ẹni méjì tí kò ka ìwé eré rí, láìsí ohùn. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ọkùnrin náà ń wá. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ padà lọ tún ṣe, kì í ṣe ìparí.