Òjìji Ló Ń Tú Àṣírí Òkúta Inú Àpò Ìtọ̀ Ológbò

Bí ológbò bá ń lóṣòó lemọ́lemọ́, tó ń tiraka, tó sì jẹ́ pé ẹ̀kán ìtọ̀ méjì tó lẹ́jẹ̀ nínú ló ń rí mú jáde, X-ray ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sìn ín máa ń kọ́kọ́ béèrè fún. Àwòrán á jáde, á mọ́ nigínnigín, wọ́n á ní kò sí òkúta. Èrò yìí máa ń bí mi nínú. (Akọ tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dí pátápátá kò ní àkókò àwòrán: kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún un ná.)

Ohun tó bá dí ìtànṣán lọ́nà nìkan ni X-ray ń fi hàn. Òkúta struvite àti ti calcium oxalate, tó wọ́pọ̀ jù lára ológbò, sábà máa ń dí i bí wọn kò bá kéré jù. Ti urate ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtànṣán á kàn gba inú rẹ̀ kọjá bíi pé omi ni.

Skáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú, kò bìkítà fún irú òkúta. Ohùn tí etí èèyàn kò lè gbọ́ ló ń rán wọlé, gbohùngbohùn rẹ̀ ló sì ń yà. Ìtọ̀ kì í dá ohùn padà, nítorí náà dúdú ni. Tí ohùn bá kan òkúta, ìlà funfun kan á tàn yòò. Ẹ wá wo ẹ̀yìn ìlà náà: dúdú kan á ṣẹ́ gbọọrọ lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó dúró níwájú òkè tó pariwo á gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n abúlé tó wà lẹ́yìn òkè kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni pè. Abúlé tí kò gbọ́ ìpè yẹn ni dúdú náà, òun ni òjìji òkúta. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìgbẹ́ tó wà nínú ìfun ńlá, tó fara ti àpò ìtọ̀, náà lè ní òjìji tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà ẹranko tó mọṣẹ́ fi máa ń yí ológbò padà: òkúta á yí lọ sísàlẹ̀, ìfun kò ní kúrò láàyè rẹ̀. Tó bá rọra ti ikùn, iyanrìn inú ìtọ̀ á rú bí omi odò tí wọ́n fẹsẹ̀ rú, á sì tún tòrò. Kókó tó hù sára àpò ìtọ̀ kò ní mira. Àmọ́ àpò ìtọ̀ ní láti kún díẹ̀, torí bó bá ṣófo, ara rẹ̀ á ká jọ, á dà bíi pé ó nípọn.

Egungun ìbàdí ló ń ṣẹ́gun skáànù. Ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, ohùn kò sì lè la egungun. Ibẹ̀ ni X-ray ti wúlò, bí àwòrán bá dé ìdí ológbò pátápátá. Èyí tí wọ́n gé sí ìbàdí lè fi òkúta tó há sọ́nà sílẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ológbò tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tó ń tiraka bẹ́ẹ̀, kò ní òkúta rárá. Àpò ìtọ̀ wọn wú láìsí ìdí kan tí a lè tọ́ka sí, ìrora wọn sì jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi àwòrán àti àyẹ̀wò ìtọ̀ yọ ìdí yòókù kúrò ni dókítà tó lè pe àìsàn náà lórúkọ.