Ẹkún Kì í Ti Ilé Ọmọ

"Nu ojú ẹ nù, ìyàwó wa. Tó o bá ń sunkún báyìí, wàá dínà mọ́ èyí tó ń bọ̀."

Ọjọ́ kẹta tí ẹ̀gbọ́n mi bí òkú ọmọ ni ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ yìí níṣojú mi. Bí màmá ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni àyà bùbá ẹ̀gbọ́n mi ń rin, omi ọyàn ń jò fún ọmọ tí kò sí nílé. Ó fa ìborùn bò ó. "Ẹ ṣé, mà." Kò sunkún.

Kì í ṣe màmá nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ìyá tó bá ń sunkún ọmọ tó kú ń fa òfò mìíràn wálé, tàbí pé ó ń ti ilé ọmọ ara rẹ̀. Wọn kì í sábà jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Tó bá délé, "omi ló dànù, agbè ò fọ́" ni tẹrú tọmọ fi ń kí i.

Irọ́ ni pé ẹkún ń ti ilé ọmọ. Gbàrà tí ibi ọmọ bá ti jáde ni họ́mónù tó dá omi ọyàn dúró nígbà oyún máa ń wálẹ̀. Láàárín ọjọ́ 2 sí 5 ọmú á kún, ọmọ ìbáà yè, ìbáà kú. Ẹyin obìnrin tí kò fọ́mọ lọ́yàn sì lè tún jáde kí ọ̀sẹ̀ 6 tó pé, bó sunkún bí kò sun. Ohun tó yẹ ká bi nọ́ọ̀sì nígbà náà ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmú tó le gbandi. Kò sẹ́ni tó rántí.

Òwe agbè yẹn, inú rere ni wọ́n fi ń pa á. Àmọ́ ẹ tún un gbọ́ dáadáa: omi dànù. Àwa la máa ń sáré fo ibẹ̀ yẹn.

Àwọn tó ní àwọn baba wa ò fàyè gba ẹkún ńkọ́? Ta ló ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún nílé tẹ́nikẹ́ni ò ti sunkún rí? Kòsọ́kọ́ ńkọ́, orúkọ àbíkú tó ń sọ pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ mọ́? Àwọn ọdẹ pàápàá, ọkùnrin tó ń kojú ẹkùn, wọ́n ń sun ìrèmọ̀jé fún ẹgbẹ́ wọn tó lọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. "Ìyàwó ńkọ́?" ni gbogbo wọn ń bi í.

Kì í ṣe pé dandan ni kéèyàn sunkún o. Ẹlòmíì ò ní sun ún, kò sì ní nǹkan kan ṣe é. Àwọn ìpele ọ̀fọ̀ márùn-ún tí wọ́n máa ń kà fúnni, láti orí "kò lè jẹ́ òótọ́" títí dé orí gbígba kámú, àwọn aláìsàn tó ń kú lọ ni dókítà Elisabeth Kübler-Ross kọ ọ́ lé lórí ní 1969. Kò sí àtẹ̀gùn tí a gbọ́dọ̀ gùn tán.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n mi ń to aṣọ, fìlà kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun já bọ́ láti inú ẹrù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Màmá wọlé. Mo ní wọ́n á tún ní kó nu ojú. Wọ́n bá a jókòó, wọ́n gba fìlà náà, wọ́n ń yí i po lọ́wọ́.

"Ọkùnrin ni tèmi," ni wọ́n wí. "Kí n tó bí ọkọ rẹ. Wọn ò fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn mí títí dòní."