Nígbà tí ọ̀rọ̀ oníbàárà bá ju pátákó ẹ̀yẹ lọ

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fẹ́ ká fín sórí pátákó ẹ̀yẹ sábà máa ń dé lórí WhatsApp, ayẹyẹ sì di Sátidé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló fi ránṣẹ́: nǹkan bí ọ̀rọ̀ 240, lógò méjì, orúkọ ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́kànlá, àdúrà nísàlẹ̀. Pátákó tí wọ́n sì sanwó fún kò ju ínǹṣì 8 sí 10 lọ. Ẹ má bínú sí akọ̀wé. Ìgbìmọ̀ ló jókòó kọ ọ́, olúkúlùkù ti gbólóhùn tirẹ̀ bọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun ló ní kí wọ́n yọ orúkọ Bàbá Lágbájá. Ẹ̀yin tí ẹ ń fín in ni wọ́n gbé ìjà náà wá bá.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ó ń kún pátákó, kì í sì í pẹ́ kún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn àyè náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ iye ọ̀rọ̀ tí àwo rẹ̀ lè gbà kò ní ẹnu láti bá oníbàárà sọ ọ́. Pátákó onígi tó jẹ́ ínǹṣì 8 sí 10, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, sábà máa ń gbé àwo idẹ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ku 13 sí 18. Lógò, orúkọ ẹgbẹ́, orúkọ ẹni tí à ń yẹ́ sí àti déètì á jẹ bíi sẹ̀ǹtímítà 11 nínú 18 yẹn. Sẹ̀ǹtímítà 7 péré ló ṣẹ́kù fún ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Bí lẹ́tà ńlá bá ga ní 4 mm, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí a bá pín in dọ́gba, ń gba nǹkan bí 2.8 mm ní fífẹ̀. Ìlà kan tó jẹ́ 130 mm á gba lẹ́tà 46, àlàfo wà nínú rẹ̀. Láti ìlà kan sí èkejì, ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì ń fẹ́ 8 mm, nítorí náà ìlà mẹ́jọ lẹ máa rí. A sì máa ń to ọ̀rọ̀ sí àárín, ìlà kì í kún tán. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 60 lọ. Ẹ rántí pé nọ́ńbà tí ẹ ń rí nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ọ̀rọ̀, kì í ṣe gíga lẹ́tà: 16 point ló ń fún yín ní lẹ́tà ńlá tó ga ní 4 mm.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ìlọ́po mẹ́rin, gíga lẹ́tà á di ìdajì. Ọ̀rọ̀ 240 yẹn á wọlé lóòótọ́, àmọ́ ní lẹ́tà 2 mm, ìwọ̀n lẹ́tà ìwé ìròyìn. Ìwé ìròyìn, ọwọ́ la fi ń gbé e sún mọ́ ojú. Ta ló máa yọ pátákó kúrò lára ògiri pálọ̀ kó tó kà á? Ìṣirò àwọn tó ń kọ pátákó ojú títì ni pé lẹ́tà tó ga ní ínǹṣì kan dára fún ẹni tó dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ẹ fi 120 sọ gíga lẹ́tà di púpọ̀, ibi tí ojú ti lè kà á wọ́ọ́rọ́wọ́ nìyẹn. Lẹ́tà 12 mm tí ẹ fi kọ orúkọ, mítà kan àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀. Lẹ́tà 4 mm, nǹkan bí ìdajì mítà. Lẹ́tà 2 mm, sẹ̀ǹtímítà 24: àfi kí àlejò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ògiri.

Oníbàárà á ní, “Ṣebí ẹ̀rọ lésà lè kọ ọ́?” Ó lè kọ ọ́. Ojú ni kò ní lè kà á, ẹ̀rọ náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó dọ́wọ́ ohun tí ẹ ń fín. Lórí Perspex tí kò ní àwọ̀, ìyẹn ike tó mọ́ bíi gíláàsì, lésà ń sọ ojú ibẹ̀ di funfun bí ìrì. Lẹ́tà ńlá á hàn, ṣùgbọ́n lẹ́tà wẹ́wẹ́ á pòórá tí ẹ bá gbé e síwájú ògiri funfun. Lórí idẹ, bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ tó ń fi irin ẹnu ṣóńṣó gbẹ́ ẹ, fífẹ̀ ojú irin yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́jọ sí mẹ́wàá gíga lẹ́tà. Lẹ́tà 4 mm ń fẹ́ irin nǹkan bí 0.5 mm. Ẹ fi irin kan náà gbẹ́ lẹ́tà 2 mm, ihò inú “a” àti “e” á dí pátápátá. Ẹ mú irin 0.2 mm, á ṣẹ́ tó bá pàdé irin aláìdípẹtà. Bó bá tiẹ̀ gbẹ́ ẹ, ọ̀dà dúdú tí ẹ fẹ́ fi kún ojú lẹ́tà kò ní ibi tó máa dì mọ́: bí ẹ bá ti fi aṣọ nu èyí tó ṣẹ́yọ, ti inú lẹ́tà náà á tẹ̀ lé e. Òkúta ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń fi iyanrìn fẹ́ ló burú jù. Rọ́bà ni wọ́n fi ń bo ibi tí iyanrìn kò gbọdọ̀ kàn, ẹyọ rọ́bà tín-ín-tín tó wà nínú ihò “o” àti ti “e” ló sì máa ń kọ́kọ́ fò dànù. Tí lẹ́tà kò bá tó 12 mm, ẹ má gbà á lórí òkúta.

Ohun tí àwọn ìwé ìtọ́ni ẹ̀rọ òkèèrè kò ní sọ fún yín ni ọ̀rọ̀ àmì orí lẹ́tà wa. Lẹ́tà “Ọ̀” ní àmì lókè, ó ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀; lẹ́tà 4 mm ti di nǹkan bíi 6 mm kí ẹ tó ka àlàfo. Ìdí nìyẹn tí àyè tó ń gba ìlà mẹ́wàá Gẹ̀ẹ́sì fi ń gba mẹ́jọ Yorùbá. Bí oníbàárà bá fagídí tí ẹ sì fún ìlà pọ̀, àmì orí ìlà ìsàlẹ̀ á lọ gún ẹsẹ̀ ìlà òkè, ẹni tó ń kà á kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Ní lẹ́tà 2 mm, ẹsẹ̀ abẹ́ “ẹ” kò ju bí 0.25 mm lọ, ó jọ ìdọ̀tí. Aṣọ ìnudà á gbé e lọ, “ọkọ̀” á sì di ohun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kó jẹ́.

Ẹ ṣọ́ fọ́ǹtì náà. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì alọ́lọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ràn fún pátákó ẹ̀yẹ kò ní “ẹ”, “ọ” àti “ṣ”. Kọ̀ǹpútà á lọ yá a lọ́wọ́ fọ́ǹtì míì láìsọ fún yín, lẹ́tà kan á sì sanra láàárín àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́. Noto Sans, Gentium àti Charis SIL ní gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ti tò ó tán, ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán ìlà (“convert to curves”) kó tó bọ́ sórí ẹ̀rọ, kí ẹ wá tún àmì kọ̀ọ̀kan wò. Orúkọ ènìyàn nìkan ni kí ẹ má tún ṣe: bí ẹni náà bá ń kọ orúkọ rẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́.

Nígbà tó bá kan ìjókòó pẹ̀lú oníbàárà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí “ó ti pọ̀ jù.” Ẹ bi í ní ibi tí wọ́n máa gbé e kọ́, ẹni tó máa kà á, àti bí ẹni náà ṣe máa jìnnà tó. Lẹ́yìn ìyẹn, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ kí àlejò tó bá wọ pálọ̀ bàbá kọ́kọ́ rí?” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé orúkọ bàbá lẹ máa gbọ́. Ẹ ti rí ohun tí ẹ máa fi orí ọ̀rọ̀ tì sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ wọn sórí ìwé bó ṣe wà, láìyọ nǹkankan, ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an lórí idẹ. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ ní kí wọ́n dúró ní ìgbésẹ̀ méjì sẹ́yìn kà á sókè. Kò sí àríyànjiyàn tó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí bí ìwé yẹn. Ẹ má fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù nìkan: ìka méjì ni wọ́n máa fi fẹ̀ ẹ́ lójú, wọ́n á ní ó hàn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tí ayàwòrán kan ní Ṣómólú ti tò sílẹ̀ lórí A4. Ìwé tó fẹ̀ ju àwo yín lọ ló fi tò ó. Bí ẹ bá fún un wọ inú àwo, lẹ́tà 4 mm rẹ̀ kò ní jẹ́ 4 mm mọ́.

Ó wá kan gígé. Ẹ wo irú èyí tó ń wá lójoojúmọ́:

“A fi pátákó ẹ̀yẹ yìí dá Olóyè Alàgbà Lágbájá Tẹ̀mẹ̀dù lọ́lá, ní ìmọrírì iṣẹ́ takuntakun, akitiyan àìṣàárẹ̀, ìfọkànsìn, ìfara-ẹni-jìn àti àtìlẹ́yìn aláìlẹ́gbẹ́ tí wọ́n ṣe fún ìdàgbàsókè, ìtẹ̀síwájú àti ìṣọ̀kan àdúgbò wa ní gbogbo ọdún mẹ́jọ tí wọ́n fi jẹ́ alága wa, pẹ̀lú àdúrà pé kí Olódùmarè túbọ̀ fi ẹ̀mí gígùn, àlàáfíà àti ọ̀pọ̀ ìbùkún jíǹkí àwọn àti ẹbí wọn.”

Ọ̀rọ̀ 60 gééré nìyẹn, àyè ti kún, a kò sì tíì mọ ohun tí Olóyè ṣe. Gbogbo alága ni wọ́n ń kọ “iṣẹ́ takuntakun” fún. Ẹ bi akọ̀wé pé kí ló ṣẹlẹ̀ ládùúgbò lásìkò wọn tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó máa dáhùn, nítorí ó mọ̀ ọ́n. Ẹ wá kọ ọ́ báyìí: orúkọ, “Alága Àdúgbò, 2016 sí 2024”, lẹ́yìn náà “Ní sáà wọn ni a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ méjì, tí iná sì dé òpópónà wa. A dúpẹ́.” Orúkọ àdúgbò nísàlẹ̀, ó tán. Ara ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ 17 péré, lẹ́tà rẹ̀ lè ga tó 7 mm nínú àyè kan náà. Bí wọ́n bá ní àdúrà pọn dandan, “Ẹ̀mí yín á gùn o” tó. Olóòtú ètò á gba èyí tó gùn lórí máíkì lọ́jọ́ náà, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọ̀ràn oyè le ju ti àpọ́nlé lọ. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín yọ oyè àgbàlagbà kankan láé. Ẹ ní kí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá yàn án. Ohun tí mo máa ń dábàá ni oyè kan ṣáájú orúkọ, àmì ẹ̀yẹ kan lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ga jù. JP, FCA àti OON lẹ́ẹ̀kan náà á gùn ju orúkọ lọ. Orúkọ ọba kò sí lára èyí tí à ń gé: ẹ gba bí ààfin ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé Kábíyèsí, ní ìwé, kí ẹ sì fún un ní ìlà tirẹ̀ lókè gbogbo orúkọ yòókù. Ti gómìnà náà, ọ́fíìsì wọn ló ń fúnni ní bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.

Fún orúkọ ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́kànlá, ó dára kí wọ́n ní àwo kékeré tiwọn. Òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí kò nílò ju orúkọ ilé ìjọsìn, ẹni tó fi í lélẹ̀ àti déètì. Ìgbìmọ̀ lè wà lórí idẹ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, nínú ilé, níbi tí ènìyàn ti lè sún mọ́ ọn. Kí gíga lẹ́tà orúkọ wọn dọ́gba o. Mílímítà kan péré tó bá fi ju ara wọn lọ, wọ́n á rí i.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ pé kò sí ohun tí àwọn máa yọ, ẹ fún wọn ní iye owó pátákó tó tóbi jù, tàbí kí ẹ tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé tó dára, ẹ fi férémù sí i, kí wọ́n kà á síta lọ́jọ́ ayẹyẹ kí wọ́n sì gbé e lé bàbá lọ́wọ́ pẹ̀lú pátákó. Kóòdù QR, èyí tí fóònù ń kà láti ṣí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, náà ń ṣiṣẹ́ lórí pátákó inú ilé, bí ẹ bá jẹ́ kó tó 25 mm, tí ẹ fi àlàfo yí i ká, tí ibi dúdú rẹ̀ dúdú tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun. Àwọn fóònù kan kì í ka èyí tí dúdú àti funfun rẹ̀ bá gba ipò ara wọn. Ẹ fi fóònù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dán an wò. Mi ò fara mọ́ ọn lórí òkúta ibojì, nítorí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò bá sanwó rẹ̀ mọ́ á kú, kóòdù náà á sì di igun mẹ́rin lásán.

Nípa owó: ẹ má ṣe bu owó lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí àwo kan náà. Ẹni tó bá ti sanwó fún un á ní òun ti ra ẹ̀tọ́ láti fún ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì jẹ̀bi nígbà tí kò bá ṣeé kà. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé àsansílẹ̀ pé iye yìí wà fún ọ̀rọ̀ tí kò ju 60 lọ, pé èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àwo ńlá. Kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri gan-an, kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ pa mọ́. Idẹ kò ṣeé pa rẹ́. Lẹ́tà kan tí wọ́n bá ní kí ẹ fi kún un lẹ́yìn ìyẹn, àwo tuntun ni, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìwé náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.